Ẹ̀rọ Ìyíwòrán ní Koumassi: Ẹ̀kọ́ Lórí Ọjà Tí Ó Ń Kú

Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò lónìí jẹ mọ́ ọjà. Nínú ẹ̀kọ́ ìṣòwò, ohun tí a sábà máa ń kọ́ ni bí ọjà ṣe ń bẹ̀rẹ̀ àti bí ó ṣe ń gbèrú. Ó ṣọ̀wọ́n kí a kọ́ bí ọjà ṣe ń kú. Síbẹ̀, ikú ọjà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀, nítorí pé ìgbà tí ọjà kan bá ń kú ni a máa ń rí i kedere ohun tí ó mú un wà láàyè láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀rọ tí mo yàn fún ẹ̀kọ́ yìí jẹ́ èyí tí ọ̀pọ̀ nínú yín lè má tíì fi ojú rí rí. Òun ni ẹ̀rọ tí ó ń yí àwòrán fídíò padà láti irú kan sí irú mìíràn. Èmi yóò máa pè é ní ẹ̀rọ ìyíwòrán. Ibi tí mo yàn ni Koumassi ní ìlú Abidjan, nítorí pé mo ní ẹbí níbẹ̀, mo sì ti bá àwọn tí ó jẹun nídìí ẹ̀rọ yìí sọ̀rọ̀.

I. Koumassi àti àwọn ará wa tí ń gbé ibẹ̀

Koumassi jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àgbègbè mẹ́wàá tí ó para pọ̀ di ìlú Abidjan. Ó wà ní apá gúúsù ìlú náà, lórí erékùṣù Petit-Bassam, láàrin omi ọ̀sà Ébrié. Treichville àti Marcory ni àwọn aládùúgbò rẹ̀ lórí erékùṣù náà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì í mú fún Kumasi ti ilẹ̀ Ashanti ní Ghana. Orúkọ ni ó jọra, ìlú kò jọra.

Àwọn ọmọ Yorùbá ti ń gbé ní Abidjan láti ayé ìjọba Faransé. Nàgó tàbí Ànàgó ni àwọn onílé ń pè wọ́n. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Èjìgbò, ìlú kan ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, débi pé ẹni tí ó bá lọ sí Èjìgbò lónìí yóò gbọ́ èdè Faransé lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn tí a bí tàbí tí a tọ́ ní Abidjan. Ọkọ̀ ń lọ, ọkọ̀ ń bọ̀ láàrin ìlú méjèèjì. Ọ̀nà náà bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, ó gba Benin kọjá, ó gba Togo, ó gba Ghana, kí ó tó wọ Côte d'Ivoire. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀nà yìí sọ́kàn, nítorí a óò padà sí orí rẹ̀.

Ẹni tí ó bá jìnnà sí ilé máa ń fẹ́ fi ojú kan ilé. Láyé àtijọ́, lẹ́tà ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Nígbà tí ó ṣe, kásẹ́ẹ̀tì fídíò dé. Ilé-iṣẹ́ JVC ti Japan ni ó gbé irú èyí tí a ń pè ní VHS jáde ní ọdún 1976, ọdún kan lẹ́yìn Betamax ti Sony. Láti ìgbà náà, bí a bá ṣe ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ tàbí ìsìnkú àgbà ní ilé, a óò pe oníkámẹ́rà, a óò sì fi kásẹ́ẹ̀tì rán àwọn tí kò lè wá. Eré orí kásẹ́ẹ̀tì tẹ̀lé e. Ní ọdún 1992, Living in Bondage jáde ní èdè Ígbò. Ní ọdún 1993, Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ ti Túndé Kèlání jáde ní èdè Yorùbá. Òwò eré fídíò sì di òwò ńlá ní Nàìjíríà. Ibikíbi tí ọmọ Nàìjíríà bá ń gbé ni kásẹ́ẹ̀tì ń bá a lọ.

II. Ìdí tí kásẹ́ẹ̀tì ilé kan kò fi pé ní ilé kejì

Kí a tó lè mọ ìdí tí ẹ̀rọ ìyíwòrán fi wúlò, a ní láti mọ bí a ṣe ń ṣe àwòrán amóhùnmáwòrán. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni a tò sórí ara wọn, bí ìgbà tí aláṣọ òfì bá ń hun aṣọ ní òwú kan lẹ́yìn òmíràn. Ní Amẹ́ríkà, ìlà 525 ni ó ń di àwòrán kan, nǹkan bí àwòrán 30 sì ń kọjá láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní Yúróòpù àti ní apá ibi tí ó pọ̀ jù ní Áfíríkà, ìlà 625 ni, àwòrán 25 sì ni ó ń kọjá. Iná mànàmáná ni ó fa ìyàtọ̀ iye àwòrán yìí: ti Amẹ́ríkà ń yí ní ìgbà 60 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, ti Yúróòpù ń yí ní ìgbà 50, àwọn onímọ̀ sì dá iye àwòrán sí ìdajì rẹ̀.

Ìyàtọ̀ kejì ni ti àwọ̀. Amẹ́ríkà ni ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ sí ìlànà àwọ̀ tirẹ̀, NTSC, ní ọdún 1953. Henri de France, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ṣe ìlànà mìíràn tí a ń pè ní SECAM. Walter Bruch, ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ fún Telefunken ní Jámánì, ṣe ẹ̀kẹta tí a ń pè ní PAL. Nínú ọdún kan náà, 1967, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí fi PAL ṣe àwòrán aláwọ̀, ilẹ̀ Faransé sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú SECAM.

Amóhùnmáwòrán ti wà ní ọ̀dọ̀ wa ṣáájú ìgbà náà. Ti Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1959, ti Abidjan ní ọdún 1963, dúdú àti funfun ni wọ́n sì ń fi hàn. Nígbà tí àwọ̀ dé, olúkúlùkù tẹ̀lé ọ̀nà ẹni tí ó ti ṣe ìjọba lé e lórí. Nàìjíríà àti Ghana mú PAL. Benin, Togo àti Côte d'Ivoire mú SECAM.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀nà Èjìgbò sí Abidjan. Ẹni tí ó bá gbé kásẹ́ẹ̀tì dání kúrò ní Nàìjíríà kúrò ní ilẹ̀ PAL, ó sì wọ ilẹ̀ SECAM ní Benin. Ó kọjá ní Togo láìsí ìyípadà. Ó dé Ghana, ó tún bọ́ sí PAL. Ó dé Côte d'Ivoire, ó padà sí SECAM. Lórí ọ̀nà kan ṣoṣo, ní etí òkun kan náà, ìgbà mẹ́ta ni ìlànà àwọ̀ yí padà, kò sì sí aṣọ́bodè kan tí ó béèrè rẹ̀.

Ní Koumassi ni ọ̀rọ̀ ti máa ń hàn. Bí a bá ti kásẹ́ẹ̀tì Nàìjíríà bọ inú ẹ̀rọ fídíò tí ó mọ SECAM nìkan, àwòrán yóò jáde, ohùn yóò jáde, ṣùgbọ́n àwọ̀ kò ní sí. Aṣọ ẹbí aláwọ̀ osùn tí gbogbo ẹbí dá owó sí yóò di aláwọ̀ eérú. Bí kásẹ́ẹ̀tì náà bá ti Amẹ́ríkà wá ni ó tún burú jù, nítorí ìlà rẹ̀ àti iye àwòrán rẹ̀ kò bá ti ẹ̀rọ náà mu. Àwòrán yóò máa yí gbiri lójú ẹni.

III. Bí òwò náà ṣe gbilẹ̀

Irú ẹ̀rọ ìyíwòrán méjì ni ó wà. Èkínní kéré, àwọ̀ nìkan ni ó ń yí padà, láti PAL sí SECAM tàbí láti SECAM sí PAL. Nítorí pé ìlà 625 àti àwòrán 25 ni àwọn méjèèjì ń lò, iṣẹ́ rẹ̀ kò le. Èkejì tóbi, ó sì wọ́n, nítorí pé ó ní láti gba àwòrán Amẹ́ríkà sínú, kí ó rántí rẹ̀, kí ó sì tún ìlà àti iye rẹ̀ kà kí ó tó tú u jáde.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe òwò náà ní láti ní ẹ̀rọ fídíò méjì, kí ẹ̀rọ ìyíwòrán sì wà láàrin wọn. Èkínní ń ka kásẹ́ẹ̀tì, èkejì ń kọ ẹ̀dà. Kò sí ọ̀nà àbùjá. Kásẹ́ẹ̀tì E-180 gba ìṣẹ́jú 180, bí ó bá sì kún, wákàtí mẹ́ta gbáko ni ẹ̀dà rẹ̀ yóò gbà. Bí ènìyàn bá ṣe ẹ̀dà láti ara ẹ̀dà, àwòrán á máa rẹ̀ sí i ni. Nítorí náà, kásẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ ni oníṣẹ́ gidi máa ń béèrè.

Ẹ fi ẹ̀rọ yìí wé ẹni tí ó ń pààrọ̀ owó ní ẹnubodè. Kò sí ẹni tí ó fẹ́ràn apààrọ̀ owó nítorí tirẹ̀. Ohun tí ó mú wa dúró lọ́dọ̀ rẹ̀ ni pé náírà wà ní ìhà kan, owó CFA sì wà ní ìhà kejì. Bí gbogbo wa bá ń ná owó kan náà ní ọ̀la, òun yóò ká ẹní rẹ̀, kì í ṣe pé ó yẹ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí ó gbé e ró ni ààlà. Òwò tí ààlà bá bí, ààlà ni yóò sin ín.

IV. Ìgbà mẹ́rin tí ọjà náà gba ọgbẹ́

Àwọn baba wa wí pé, bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni ó mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ọjà ẹ̀rọ ìyíwòrán kò kú lọ́jọ́ kan. Ọgbẹ́ mẹ́rin ni mo kà.

Èkínní: àwọn ilé-iṣẹ́ Japan àti Korea bẹ̀rẹ̀ sí ṣe amóhùnmáwòrán àti ẹ̀rọ fídíò tí ó gbọ́ ìlànà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ìyíwòrán kékeré ń ṣe ti wà nínú àpótí náà láti ilé-iṣẹ́ wá.

Èkejì: àwo pẹlẹbẹ gba ipò kásẹ́ẹ̀tì. VCD jáde ní ọdún 1993, DVD tẹ̀lé e ní ọdún 1996. Nígbà tí àwọn oníṣòwò eré ní Nàìjíríà yí sí VCD, kásẹ́ẹ̀tì tuntun kò wá mọ́.

Ẹ̀kẹta: kọ̀ǹpútà wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀rọ kékeré kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ lè gba àwòrán láti ara ẹ̀rọ fídíò, kí ó sì tọ́jú rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. YouTube bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2005. Lẹ́yìn náà fóònù tí ó ní kámẹ́rà gba gbogbo ìgboro. Ẹni tí ó ń ṣe ìgbéyàwó ní Èjìgbò lónìí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Koumassi lè máa wò ó bí ó ti ń lọ lọ́wọ́.

Ẹ̀kẹrin: amóhùnmáwòrán díjítà dé. Ní Abidjan, ọdún 2019 ni ó bẹ̀rẹ̀. Àwọn amóhùnmáwòrán tuntun púpọ̀ kò tilẹ̀ ní ojú ihò tí a lè ki okùn ẹ̀rọ àtijọ́ bọ̀.

Kí ẹ tún ṣàkíyèsí ọdún 2016. Ní ọdún náà ni Sony dẹ́kun ṣíṣe kásẹ́ẹ̀tì Betamax, tí Funai ti Japan, tí a mọ̀ sí ẹni ìkẹyìn tí ó ń ṣe ẹ̀rọ fídíò VHS, sì pa iṣẹ́ náà tì. Láti ìgbà náà, èyí tí ó wà nílẹ̀ ni ó kù láyé.

V. Iye owó àti iye ohun

Níhìn-ín ni ọkàn ẹ̀kọ́ wa wà. Ní ìtòsí ọjà Koumassi, mo wọ ṣọ́ọ̀bù bàbá kan tí ó ti pẹ́ nídìí àtúnṣe ẹ̀rọ. Fóònù ni ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó jókòó níwájú ń tún ṣe. Ní ẹ̀yìn ni bàbá náà wà, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìyíwòrán kan àti ẹ̀rọ fídíò mẹ́rin, tí ẹyọ kan péré nínú wọn ń ṣiṣẹ́. Àwọn mẹ́ta yòókù ni ó ń tú lára kí ọ̀kan yìí lè máa mí. Àwọn ohun tí àwa Yorùbá ń pè ní tòkunbọ̀, tí àwọn ará Abidjan ń pè ní "France au revoir", ṣì ń wọlé, ṣùgbọ́n òwò fídíò ti kúrò nínú wọn. Àwọn tí ń ra irin àtijọ́ ti wá bá bàbá náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bàbà inú wáyà ni wọ́n fẹ́, ìwọ̀n ni wọ́n sì fẹ́ fi rà á.

Mo bi í pé, "Bàbá, ṣé ẹnìkan ṣì ń ra irú ẹ̀rọ yìí?"

Ó dá mi lóhùn pé, "Olùkọ́, ẹni tí yóò rà á ti tán. Ẹni tí yóò lò ó kò tíì tán."

Ẹ wo gbólóhùn yìí dáradára. Ọ̀pọ̀ ìwé ìṣòwò ni kò sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀. Iye owó ohun kan lọ́jà ń tẹ̀lé iye àwọn tí ó fẹ́ rà á. Bí wọ́n bá pọ̀, owó rẹ̀ á gòkè; bí wọ́n bá dín, owó rẹ̀ á wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdínkù àwọn olùrà kò fi hàn pé àìní ti tán. Ó lè ku ènìyàn mẹ́wàá péré tí wọ́n nílò ẹ̀rọ náà, kí àìní àwọn mẹ́wàá yìí sì le ju ti ẹgbẹ̀rún àkọ́kọ́ lọ. Nígbà tí òwò gbilẹ̀, eré ni ọ̀pọ̀ ń mú wá fún ìyíwòrán, eré náà sì wà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀dà. Lónìí, àwọn tí ó kù ni obìnrin tí ó mú kásẹ́ẹ̀tì ìsìnkú ìyá rẹ̀ wá, tàbí ọkùnrin tí ó fẹ́ gbọ́ ìwúre tí baba rẹ̀ wú ní ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ni irú kásẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ ní. Ìwọ̀n bàbà inú wáyà kò lè sọ iye rẹ̀ fún wa.

Owó ẹyọ kọ́ wa ní irú ẹ̀kọ́ yìí. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì mú owó irin wọ ilẹ̀ Yorùbá, ẹyọ kò lè ra nǹkan mọ́ lọ́jà, ọ̀pọ̀ sì dà á nù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń da ẹ̀rìndínlógún kò lè fi kọ́bọ̀ dá a. Lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹyọ ṣì ni ẹyọ.

Ìyàtọ̀ kan wà tí ó yẹ kí ó bà wá lẹ́rù. A ṣì lè rí ẹyọ nínú òkun. Ẹ̀rọ fídíò kò sí nínú òkun. Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ tí ó dára jù, pàápàá àwọn tí ń mú kí àwòrán tí ń gbọ̀n dúró jẹ́ẹ́, ti tún bẹ̀rẹ̀ sí wọ́n, nítorí pé àwọn tí ń tọ́jú àwòrán àtijọ́ ń wá wọn kiri. Ìyẹn ni pé owó wọn kọ́kọ́ wálẹ̀ títí a fi fọ́ ọ̀pọ̀ wọn, kí ó tó gòkè fún ìwọ̀nba tí ó ṣẹ́kù. Iye owó kì í kìlọ̀ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn tí ohun bá ti ṣòro rí ni ó ń pariwo.

Àwọn ọ̀mọ̀ràn ti kìlọ̀ dípò rẹ̀. Ní ọdún 2019, àjọ UNESCO àti ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́jú ohùn àti àwòrán tí a ń pè ní IASA ké gbàjarè káàkiri ayé pé, ní nǹkan bí ọdún 2025, ẹ̀rọ tí ó lè ka irú ọ̀já wọ̀nyí yóò ti ṣọ̀wọ́n débi pé ohun tí a kò bá tíì yí sí díjítà lè ṣègbé. Ọdún tí wọ́n dárúkọ náà ti dé.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa olùkọ́ gan-an. Láti ọdún 1971 di ọdún 1982, Côte d'Ivoire fi amóhùnmáwòrán kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Bouaké sì ni a ti ń ṣe ètò náà. Bí kásẹ́ẹ̀tì ẹ̀kọ́ kan bá wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ilé-ẹ̀kọ́ yín lónìí, ẹ mọ̀ pé ìwé tí a ti kálámù rẹ̀ pọ̀ mọ́ ojú rẹ̀ ni. Bí ẹ̀rọ bá lọ, kò sí ojú tí yóò kà á.

VI. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe

Èkínní, ẹ má ṣe jẹ́ kí a ta ẹ̀rọ fídíò ilé yín fún onírin kí a tó ka kásẹ́ẹ̀tì ilé yín tán.

Èkejì, ẹ to kásẹ́ẹ̀tì ní òòró, ní ibi gbígbẹ tí oòrùn kò dé. Ooru àti ọ̀rinrin etí ọ̀sà kì í bá ọ̀já kásẹ́ẹ̀tì rẹ́. Bí ẹ bá rí i pé funfun ti hù sí ara ọ̀já, ẹ má ṣe tì í bọ inú ẹ̀rọ. Yóò ba orí ẹ̀rọ jẹ́, orí ẹ̀rọ yóò sì kó o ran àwọn yòókù. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n nù ni kí ẹ gbé e fún.

Ẹ̀kẹta, ẹ ṣẹ́ ike kékeré tí ó wà ní ẹ̀yìn kásẹ́ẹ̀tì VHS, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì kọ nǹkan mìíràn lé e lórí.

Ẹ̀kẹrin, ẹ béèrè ibi tí a ti gbà á sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti Nàìjíríà tàbí Ghana, PAL ni kí ẹ yàn lórí kọ̀ǹpútà. Bí ó bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà, NTSC ni. Ẹni tí ó bá ṣì í yàn yóò rò pé kásẹ́ẹ̀tì ti bàjẹ́, yóò sì dà á nù.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ ṣáájú pẹ̀lú èyí tí kò ní ẹ̀dà. Ìsìnkú, ìgbéyàwó àti ìpàdé ọmọ ìlú ni kí ó ṣíwájú eré tí a tà káàkiri.

Ẹ̀kẹfà, bí ẹ bá ti yí i tán, ẹ pe àwọn àgbà jókòó kí wọ́n sọ orúkọ àwọn tí ó wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Àwòrán tí a kò mọ orúkọ ẹni inú rẹ̀ ti kú ní ìdajì. Ẹ fi ẹ̀dà kan sí Koumassi, kí ẹ fi òmíràn ránṣẹ́ sí ilé.

Ẹ̀keje, kí ọ̀kan nínú yín kọ́ iṣẹ́ náà. Ọmọ iṣẹ́ bàbá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kọ́ fídíò, nítorí pé kò sí owó níbẹ̀, èmi kò sì lè bá a wí. Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù. Ó lè ra ẹ̀rọ kan ní owó tí kò tó nǹkan lónìí, kí ó sì pe irú bàbá bẹ́ẹ̀ wá fún ọ̀sẹ̀ kan kí ó kọ́ wa bí a ṣe ń nu orí rẹ̀. Ọjà kò ní ṣe èyí fún wa. Àwa ni a óò ṣe é, kí ó tó di pé owó wálẹ̀ dé ilẹ̀ tí kò sì sí ohun tí a óò rà mọ́.

Ìbéèrè fún àṣàrò

1. Dárúkọ àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà lórí ọ̀nà Èjìgbò sí Abidjan, kí o sì sọ ìlànà àwọ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan mú.
2. Kí ni ó mú kí ìyíwòrán láti NTSC sí SECAM le ju ti PAL sí SECAM lọ?
3. "Òwò tí ààlà bá bí, ààlà ni yóò sin ín." Mú àpẹẹrẹ méjì mìíràn wá láti ìlú rẹ.
4. Ṣàlàyé ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin àìsí olùrà àti àìsí àìní.
5. Béèrè lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ bóyá kásẹ́ẹ̀tì kan wà ní ilé. Kọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ọdún tí a gbà á sílẹ̀, àti ẹni tí ó ní ẹ̀rọ tí ó lè kà á ní àdúgbò yín.